Ẹ̀jẹ̀ Táyé, Orúkọ Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò mọ irú kíkí tí wọ́n ń kí ara wọn níbi tí ẹ wà, bóyá ilẹ̀ tiẹ̀ ń mọ́ níbẹ̀ tàbí kì í mọ́, nítorí náà ẹ mú èyí tó bá bá àsìkò yín mu. Ọdún mẹ́ta ti kọjá tí a ti sin yín. N kò kọ lẹ́tà sí yín rí nígbà tí ẹ wà láyé, torí ẹ ò mọ ìwé kà, Táyé ló sì máa ń ka gbogbo ìwé tó bá dé fún yín. Èyí, n kò fẹ́ kí Táyé kà á. Mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ ó sì jókòó gbọ́ ọ tán lónìí, torí ẹ ò lè dìde lọ mọ́ bí ẹ ti máa ń ṣe tí mo bá ti fẹ́ dá a sílẹ̀. Ẹ má bínú pé mo bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ẹnu mi mú.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé ti rí. Ẹ̀gúsí oko yín lọ́nà Ìgàngàn kò ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Òjò pẹ́ kó tó rọ̀, nígbà tó sì rọ̀, kò mọ ìwọ̀n. Bẹntiróòlù tún ti wọ́n, àwọn ọlọ́kadà ń tò sí ilé epo bí ẹni tó wá gba sàráà. Àwọn ṣọ́jà náà ló ṣì ń ṣèjọba. Páànù yàrá yín ń jò níbi tó ń jò sí tẹ́lẹ̀, mo sì ń gbé abọ́ síbẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe. Táyé ti bí ọmọ kẹrin, ọkùnrin ni, wọ́n fi orúkọ yín sọ ọ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní bẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Àwọn dókítà kan wá láti yunifásítì sí Igbó-Ọrà nítorí àwa ìbejì, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kí a máa bí wọn léjìléjì báyìí. Ẹ rántí àwọn kan tó ti wá bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí a wà ní kékeré, tí wọ́n ń wádìí ọbẹ̀ ìlasa lọ́wọ́ gbogbo ìyàwó ilé, tí ẹ̀yin sì fajú ro, tí ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ ìlasa tiwa, kì í ṣe ìyá wa. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀! Ìyá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tọ̀tẹ̀ yìí kò bèèrè ọbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wá gbà.

Wọ́n tò wá sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìlera, méjì méjì, àgbà àti ọmọdé. Dókítà obìnrin kan, ọ̀dọ́ tí ohùn rẹ̀ tutù, ló ń ṣàlàyé fún wa. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ nìyí, Bàbá. Ìwé kan wà tí a kọ sínú ara ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Kò sí ìwé tó gùn tó o. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ òyìnbó mìíràn ti ń kà á báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Tí wọ́n bá kà á tán, ìṣègùn kò ní rí bákan náà mọ́. Wọ́n á mọ àìsàn kó tó dé, wọ́n á sì máa wọn oògùn sí olúkúlùkù lára bí télọ̀ ti ń wọn aṣọ. Àwa ìbejì wúlò fún wọn nínú iṣẹ́ náà. Inú gbogbo èèyàn dùn. Bàbá arúgbó kan tiẹ̀ gbàdúrà fún ọmọ náà pé yóò ṣe é pẹ́, èmi náà sì ṣe àmín.

Nígbà tó kàn mí, mo na ọwọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò lára mi. Ẹ̀yin mọ ìdí rẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé, Táyé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà náà padà wá pẹ̀lú èsì. Ó wo ìwé, ó wo ojú wa, ó tún wo ìwé.

“Ẹ̀yin Màmá, ìbejì ni yín lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ẹyin inú ìyá tí ẹ ti wá, ọ̀tọ̀ lèyí tí wọ́n ti wá. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán lẹ rí, ẹ kàn jọ wọ mọ́tò kan náà ni. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn, AA. Tiyín, AS.”

Táyé ní, “AS báwo? AA ni wá. A ti gba ìwé rẹ̀ rí.”

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ láti ìdí rẹ̀, kó lè yé yín, torí kò yé èmi náà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ rántí ìgbà tí Tíṣà láti Èrúwà wá tọrọ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti sin ọmọ nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, òun fúnra rẹ̀ sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò, AS ni. Ó nífẹ̀ẹ́ mi, àmọ́ ó ti búra pé ẹni tó bá jẹ́ AA nìkan lòun máa fẹ́. Kò sì burú. Ó ní kí n lọ yẹ tèmi wò n’Íbàdàn. Èmi tí mo máa ń sá fún abẹ́rẹ́! Nígbà tí àwọn alájẹsára wá sí iléèwé wa, inú oko àgbàdo ni mo sá wọ̀, Táyé ló gba abẹ́rẹ́ méjì, ti apá ọ̀tún fún ara rẹ̀, ti apá òsì fún mi. Nílé wa, tí ibà bá mú ọ̀kan, àwa méjèèjì la ó jọ mu àgbo. Bí a ti tọ́ wa nìyẹn. Nítorí náà, kò ṣe yín ní kàyéfì, kò sì ṣe mí, nígbà tí ẹ pe Táyé tó ń gbé gàárì lọ tà n’Íbàdàn ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

“Ìwọ náà ni Kẹ́hìndé ṣáà rán wá tọ́ ayé wò,” ẹ sọ fún un. “Lọ bá a tọ́ èyí náà wò. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣá ni.”

Ó lọ, ó fi orúkọ mi gba ẹ̀jẹ̀, ó mú ìwé bọ̀. AA. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ mú ìwé náà lé Tíṣà lọ́wọ́ fúnra yín, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kò sí irọ́ kankan lọ́kàn yín, mo mọ̀. Kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́ta. Wọ́n so yìgì, mo sì kó lọ sí Èrúwà.

Ọdún kejì ni mo bí Àjọkẹ́. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́wàá, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń sunkún lọ́sàn-án àti lóru. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, SS ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Tíṣà gbé ìwé mi jáde nínú àpótí, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó ń tọ́ka sí i. AA àti AS kì í bí SS. Nítorí náà ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà mo ti rìn. Kò mú ìwé náà lọ bi dókítà kankan, torí ojú ń tì í kí wọ́n má gbọ́ pé ìyàwó òun ti ṣe àgbèrè. Ó dá mi padà sílé pẹ̀lú ẹrù mi àti ọmọ tí ó ń jẹ̀rora.

Ẹ̀yin lẹ lọ bẹ̀ wọ́n ní Èrúwà. Mo wà lẹ́yìn yín, Àjọkẹ́ wà lẹ́yìn mi. Ẹ̀yin tí irun yín ti funfun, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọkùnrin tí ẹ lè bí lọ́mọ, ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ wo, Bàbá? Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Kò sí ohun tí Tíṣà ṣe fún mi tó dùn mí tó ohun tí ẹ ṣe ní ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ni ẹ fi ṣe é.

Nígbà tí a dé ilé, ẹ bi mí ní ọ̀rọ̀ méjì péré: ta ni? Mo ní Tíṣà ni. Mo fi Kùránì búra. Ẹ dìde, ẹ mú ọkọ́, ẹ gba oko lọ. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí mo bá ti ní “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́,” ẹ ó ti dìde.

Bẹ́ẹ̀ ẹ fẹ́ràn ọmọ náà, mi ò lè purọ́ mọ́ yín. Ẹ gbé e síwájú kẹ̀kẹ́ lọ sí oko. Ẹ fi òrí pa á lẹ́sẹ̀ nígbà tí egungun bá ń ro ó, ẹ ń gbo oògùn rẹ̀ sínú ògì, ẹ ń tọ́ ọ wò kó má baà korò. Ọkùnrin kan pè é ní ọmọ àlè lójú yín nígbà kan, ẹ sì fi igi ẹ̀gẹ́ lé e dé ojú títì. Ẹ gbà pé ọmọ àlè ni, ẹ kàn ò jẹ́ kí ẹlòmíì sọ ọ́ ni. N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nítorí èyí tàbí kí n sunkún.

Ẹ ṣì wà láyé nígbà tó kú. Ọmọ ọdún méje. Ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun, wọ́n ní ọkùnrin tó ṣì lágbára ni kó wá fún un lẹ́jẹ̀, mo ránṣẹ́ sí Tíṣà, ó ní kí n lọ pe bàbá rẹ̀. A wà lórí ọ̀kadà, èmi, Àjọkẹ́ àti ọlọ́kadà, nígbà tí orí rẹ̀ wúwo sí àyà mi. Kò tíì tó aago méjìlá ọ̀sán. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà fúnra yín, ẹ ò jẹ́ kí ẹnì kankan bá yín gbẹ́ ẹ. Kò pé ọdún kan tí ẹ̀yin náà fi tẹ̀lé e.

Gbogbo èyí ni mo rò fún dókítà náà lórí bẹ́ǹṣì. Ó gbọ́ ọ títí, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó mú bírò, ó kọ ọ́ sórí páálí fún mi.

“Ẹ wò ó, Màmá. Ọmọ tó bá jẹ́ SS, S kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, S kan ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Ọkùnrin yòówù kó jẹ́ bàbá rẹ̀, S kan gbọ́dọ̀ ti ara yín wá. Ẹni tó ni ìwé AA yẹn, òun kọ́ ló bí ọmọ yìí.”

Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ká ní mo tiẹ̀ fẹ́ ọkùnrin mẹ́wàá, Àjọkẹ́ kò lè jẹ́ SS tí èmi kò bá fún un ní ìdajì rẹ̀. Ìwé náà kò fẹ̀sùn kan ìwà mi rí. Ohun tó ń pariwo láti ọjọ́ kìíní ni pé kì í ṣe tèmi. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kò ṣírò rẹ̀. Àwa mẹ́ta sì mọ ẹni tó gba abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: “Táyé ló lọ.” Ká ní ọ̀kan nínú wa sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ní Èrúwà, wọn ì bá tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò, Tíṣà ì bá mọ̀ pé òun ló lọ́mọ. Ì bá fún un lẹ́jẹ̀. Kí ló dé tí kò wá sí ẹnu wa? Ṣé torí a gbà pé ọ̀kan ni wá ni? Èmi náà jẹ̀bi, n kò yọ ara mi. Èmi ni mo sá fún abẹ́rẹ́.

Mo bi dókítà náà bóyá ìwé ńlá tí wọ́n ń kà yìí yóò wo irú Àjọkẹ́ sàn. Ó ní òun kò lè ṣèlérí rẹ̀. Òótọ́ ló sọ fún mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ẹ̀. Lẹ́tà kan péré ló ṣì nínú gbogbo ìwé gígùn yẹn. Wọ́n sì ti mọ ibi tí àṣìṣe náà wà láti ìgbà tí ẹ̀yin ṣì wà ní àpọ́n. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣáájú kí a tó bí mi. Títí di òní, òrí àti ògì àti ìwọ̀nba oògùn tí ẹ fi tọ́jú ọmọ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú yìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á tà á fún àwọn tó sún mọ́ wọn. Ta ló máa gbé e dé Ìbàràpá? Mo ti ṣe àmín ṣáájú, mi ò gbà á padà, àmọ́ mi ò tún un ṣe.

Táyé kò dúró gbọ́ ìyẹn. Ó gba ìwé èsì lọ́wọ́ mi, ó wọ mọ́tò Èrúwà, ó sì tẹ́ ẹ síwájú Tíṣà nínú kíláàsì lójú àwọn ọmọ iléèwé. “Ìwọ olùkọ́ ìṣirò, bá mi ṣe èyí!” Ẹ mọ ọmọ yín. Òun náà ń wá ẹni tó máa gbé ẹ̀bi náà, kó má baà kù sí òun lọ́wọ́. Ó ti ń fọ apá rẹ̀ lójoojúmọ́ láti ìgbà náà, níbi tí wọ́n gún un n’Íbàdàn. Mo ti ní kó jáwọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e ni Tíṣà wá. Ó ti ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, irun rẹ̀ ti ń lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, n kò sì wò ó. Ó ní kí n múra kí a máa lọ sílé. Mo rẹ́rìn-ín, Bàbá, ẹ̀rín tí kò dára. AS lòun, AS lèmi. Ìwé tó wẹ̀ mí mọ́ náà ló sọ pé a kò gbọ́dọ̀ bímọ fún ara wa láyé. Mo fi hàn án níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wá bi mí bóyá ọmọ náà mọ orúkọ òun. Mo lè purọ́ fún un, ọmọlúàbí lè purọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òótọ́ ni mo sọ, mo ní kò mọ̀ ọ́n. Ó sunkún, n kò sì bá a sunkún.

Ìlú ti gbọ́ báyìí. Àwọn obìnrin tí kì í jẹ́ kí n gbé ọmọ wọn ń gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ń wí fún mi pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ó bá a lóòótọ́. Ó bá a nígbà tí ilé ti dahoro.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Ọ̀sán tó ṣáájú ikú yín, ẹ pè mí. Ẹ na apá mi, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí wọ́n máa ń gún, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí n bu omi wá, nígbà tí mo sì fi padà dé, ẹ ti kọjú sí ògiri. Kí lẹ ń wá níbẹ̀? Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn? Ṣé ẹ mọ̀, tí ẹnu yín kò gbà á? Mo ti yí i síwá yí i sẹ́yìn, n kò rí ìdáhùn. Ó lè jẹ́ pé òùngbẹ ló ń gbẹ yín lásán.

Tíṣà ti mọ̀. Táyé ti mọ̀. Àwọn ará ọjà ti mọ̀, àwọn tí n kò bìkítà fún tẹ́lẹ̀ tún ti mọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá. N kò ṣe é. N kò tiẹ̀ gbèrò rẹ̀ rí. Ẹ sì lọ, ẹ gbà pé mo ṣe é.

Ọmọ yín obìnrin ni,
tó fẹ́ràn yín lọ́jọ́ náà, tó sì fẹ́ràn yín di báyìí.